Aago Ọrùn Bàbá Sàlá: Àwàdà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Lójú Ará Ìbàdàn Àtijọ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbọ́njú sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnkà nílùú Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970 pé èwo nínú ẹ̀fẹ̀ Bàbá Sàlá ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dáhùn. Lẹ́yìn ẹ̀rín, yóò ká ìka rẹ̀ ní róbótó, yóò gbé e lé ojú méjèèjì, yóò na ọrùn síta, yóò sì yọ ètè ìsàlẹ̀ síwájú. Tí ẹ bá wá ní kó sọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọkùnrin náà jáde gan-an, ibẹ̀ ni yóò ti máa họrí. Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n tó lè ka àwọn mọ́gàjí ilé wa tẹ̀ léra láìṣi ẹyọ kan, tí wọ́n rántí ọjọ́ tí omi Ògùnpa ya wọ ìgboro ní 1980 àti ohun tí kálukú ń ṣe lọ́wọ́. Kò sí èyí nínú wọn tó lè ka gbólóhùn méjì tó so kọ́ra láti inú Aláwàdà, eré rẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa òṣèré yìí kì í sábà ka èyí sí. Wọn a ní apanilẹ́rìn-ín ni, wọn a ka orúkọ fíìmù rẹ̀, wọn a dárò rẹ̀, ó parí. Èmi gbà pé inú ìgbàgbé yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ara ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí à ń pè ní Bàbá Sàlá, fi ṣàwàdà. Ẹnu kàn ń tẹ̀ lé ara ni. Ohun tó sì gbé sára yẹn, àwọn ará Ìbàdàn àtijọ́ ní ojú tí wọ́n fi ń wò ó, ojú tí ará Èkó kò ní, tí ará Iléṣà tó bí i pàápàá kò ní.

Iléṣà ni wọ́n ti bí i lóòótọ́, ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1936. Olórin ni kó tó di aláwàdà. Federal Rhythm Dandies lorúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Sunny Adé tí gbogbo ayé ń pè ní King lónìí sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ta gìtá níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ti darí ẹgbẹ́ orin rí mọ ìgbà tó yẹ kí ìlù dákẹ́. Nínú eré rẹ̀, ìdákẹ́ yẹn ló máa ń pani lẹ́rìn-ín jù: Bàbá Sàlá á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bí i nínú, kò ní fèsì, á kàn yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ àwa tí à ń wòran, á wò wá títí, kó tó yíjú padà sọ́dọ̀ ẹni tó bú u. Àárín àwọn ọdún 1960 ló gba orí tẹlifíṣọ̀n WNTV wọ ilé àwọn èèyàn, kò sì pẹ́ tí kò fi sí ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti mọ Aláwàdà.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ti NTA. Láti Bẹẹrẹ, ẹni tó bá gba Ọ̀jẹ́ kọjá lè fẹsẹ̀ rìn dé Agodi kí oòrùn tó mú. Ibi tí Bàbá Sàlá ti ń jáde sí wa kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ mi ò mọ ẹnì kan ládùúgbò tó ti wọ inú ọgbà yẹn rí. Inú àpótí la ti mọ̀ ọ́n.

Ní agboolé tiwa ní Bẹ́yẹrúnkà, àpótí yẹn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìlẹ̀kùn onípákó tí wọ́n ń fà pa, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá tó ni ín kì í fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Aláwàdà, àwọn àgbà á wà lórí àga, àwọn ìyá á wà lórí ẹní, àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú, àwọn ará ilé kejì àti ilé kẹta á dúró sójú fèrèsé tàwọn ti àbẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Dúdú àti funfun ni àwòrán, òjò a sì máa rọ̀ lójú rẹ̀ nígbà mìíràn débi pé èèyàn á máa fojú wá òṣèré. Ẹni tó wà lójú fèrèsé kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ẹ̀rín àwọn tó wà nínú ilé ti bo ohùn mọ́lẹ̀. Ohun tó bá rí ló lè bá wọn rẹ́rìn-ín sí. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ní Ìbàdàn ìgbà yẹn, àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n láti ojú fèrèsé pọ̀ ju àwọn tó wò ó lórí àga lọ fíìfíì. Òṣèré tó bá gbójú lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, wọ́n á ti kúrò lójú fèrèsé kó tó dé ìdajì eré. Ṣùgbọ́n nínú òjò àwòrán yẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣi awò ojú Bàbá Sàlá mú fún ti ẹlòmíì.

Tí NEPA bá mú iná lọ, a kì í tú ká. Ọmọkùnrin kan á bọ́ síwájú nínú òkùnkùn, á gbé aago àlááàmù ìyá rẹ̀ kọ́rùn, á sì máa bá eré lọ láti ibi tí iná ti lọ. Wọ́n á gbé fìtílà wá kí a lè rí i. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò jọ ti Bàbá Sàlá rárá, àwọn àgbà kò sì bìkítà; ìrìn ni wọ́n ń wò, àti bó ṣe ń yí ọrùn. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa ló ń jẹ́ Bàbá Sàlá títí di ọ̀sẹ̀ mìíràn, àǹfààní tó wà níbẹ̀ kò sì kéré, nítorí pé iwájú pátápátá ló máa ń jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń wọ̀. Awò ojú rẹ̀ róbótó, ó sì tóbi tó fi bo ìpéǹpéjú, tó tún bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Táì labalábá rẹ̀ fẹ̀ ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ. Kóòtù rẹ̀ kì í bá a mu. Aago àlááàmù, irú èyí tó yẹ kó wà lórí tábìlì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ló gbé kọ́rùn. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ní ibi tó bá wọn mu: awò ojú fún ẹni tó ń kàwé, táì fún ẹni tó ń lọ sọ́fíìsì, aago fún ẹni tí wọ́n ń retí lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀. Ohun tí Bàbá Sàlá ṣe ni pé ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ títí kò fi wúlò mọ́. Ẹni tó gbé aago kọ́rùn kò lè rí ojú aago náà fúnra rẹ̀. Ẹlòmíì ló ń rí i. Ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ní aago ni, iye tó lù kò kàn án.

Fún ará Ọjà'ba, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lásán. Ẹni tó bá dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1929, àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí nísàlẹ̀, lẹ́yìn wọn ni Ilé Kòkó tó parí ní 1965, ìyẹn ilé gíga tó ń wò wá láti Dùgbẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Owó kòkó náà wà lára ohun tó gbé WNTV dìde. Àwọn àgbẹ̀ tó ní kòkó, agboolé bíi tiwa ni púpọ̀ wọn ti jáde wá lọ sí oko wọn. Nígbà tí owó orí di ìnira, tí àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde láàárín 1968 sí 1969, Mápó wà lára ibi tí ìjà náà dé. Ọ̀nà tí ọ̀làjú gbà wá bá àwa ti ìgboro àtijọ́, nípasẹ̀ ọjà ni: rédíò, aago, awò, fáànù, èyí tó bá já wálẹ̀ láti Bódìjà tàbí Agodi. Nígbà tí owó Udoji dé ní 1975, tí òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, mo rántí pé pálọ̀ àwọn èèyàn kún. Àwọn kan ra rédíò tó tóbi ju tábìlì tí wọ́n gbé e lé lọ. Aláwàdà tó gbé aago kọ́rùn ní ọdún yẹn kò nílò láti sọ ohunkóhun.

Ọwọ́ Bàbá Sàlá kọ́ ni fífi ohun òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń tọ ipa odò Ọya, dé Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn òṣèré ṣeré níwájú Aláàfin, òun náà sì wà níjòókòó. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa idán erè, ẹ̀dá funfun kan jáde: ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́jẹ́ bí òyìnbó tí kò wọ bàtà. Clapperton mọ̀ pé irú òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Joel Adédèjì, tó tọpasẹ̀ eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi irú eré yìí hàn bí àgbà eré ilẹ̀ wa, èyí tó ti wà kí Hubert Ògúndé tó bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní Èkó ní 1944. Mo gba èyí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Àwọn alárìnjó nílò láti kun ojú ní funfun, nítorí pé ẹlòmíì ni òyìnbó nígbà náà. Bàbá Sàlá kò kun nǹkan kan. Ojú tirẹ̀ ló gbé jáde, ojú ọkùnrin Yorùbá tó ti dàgbà, ó wá fi àwọn ẹrù wọ̀nyẹn yí i ká. Ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti di ara wa.

Àwọn kan máa ń fi í wé Charlie Chaplin nítorí aṣọ tí kò báni mu. Mo mọ ìdí, mi ò sì fara mọ́ ọn. Òtòṣì ni ọkùnrin Chaplin, ó ń fi bọ́tìnnì kóòtù kékeré àti ọ̀pá gbá iyì rẹ̀ mú kó má bàa já bọ́, a sì máa ń káàánú rẹ̀. Kò sí ẹni tó káàánú Bàbá Sàlá ní pálọ̀ wa. Ahun ni, òpùrọ́ ni, ó ń lé ọmọge kiri, owó rẹ̀ kì í jáde. Ohun tí gbogbo ilé ń dúró dè ni ìgbà tí wọn yóò mú un. Àwọn ìyá á ti máa sọ fún ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló wà, kó yára wò ó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà ti wọlé. Ìbàdàn kì í gbé onílé bí àjèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ìbúra fún wa, bẹ́ẹ̀ àwa náà mọ irú àjèjì tí a máa ń fojú ṣọ́. Láti 1877 títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886 ni Ìbàdàn fi bá Èkìtìparapọ̀ jagun Kírìjì, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì ni balógun apá kejì. Ibùdó ogun yẹn ni Ààrẹ Látòósà kú sí ní 1885. Nígbà tí Bàbá Sàlá fi dé orí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ò tíì pé ọgọ́rin ọdún, àwọn tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu bàbá tó bí wọn ṣì wà láàyè. Ìyá àgbà kan nílé wa, tí bàbá rẹ̀ lọ sógun náà, kì í jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn àpótí kí òun tó jókòó. Ó ní orúkọ tó ń pe Bàbá Sàlá: Ọmọ Ògèdèǹgbé. Bó bá ti yọjú báyìí, ìyá á ní, "Ọmọ Ògèdèǹgbé ti dé o, ẹ kó owó yín pamọ́." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín kí ọkùnrin náà tó la ẹnu.

"Ẹ kó owó yín pamọ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣàdédé wá sẹ́nu ìyá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn Ìjẹ̀ṣà fi ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí òṣómààló á sì wá lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti àárọ̀, kò ní jẹun, kò ní dìde, títí onítọ̀hún á fi tìjú wá owó fún un. Kò sí agboolé ní ìgboro Ìbàdàn tí irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí lójú wọn rí. Ahun tí Bàbá Sàlá ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, ahun gbogbo ayé ni fún ará Èkó. Fún wa, òṣómààló ló ti wá jókòó sáàárín pálọ̀, tó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, tí ajigbèsè sì láǹfààní láti bá a rẹ́rìn-ín láìsanwó. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà kò ní fẹ́ kí n tẹ èyí sójú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀gàn náà lé ara rẹ̀ kí ẹlòmíì tó gbé e lé e, ìyẹn sì ni ohun tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ dunjú. Ẹ ṣáà rántí Òkèbàdàn: lọ́jọ́ ọdún náà, iná ò gbọdọ̀ jó nídìí ààrò, ẹnu ló ń jó dípò rẹ̀. Wọ́n á máa kọrin kiri ìgboro, wọn á bú gbajúmọ̀, wọn á bú mẹ̀kúnnù, wọn á dárúkọ ohun tí ọmọdé kì í dárúkọ, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bínú. Àwọn òǹwòran tó ti gba irú ẹ̀kọ́ yẹn láti kékeré kì í ka ẹ̀sín sí ìkórìíra.

Ọ̀nà mìíràn wà tí òṣèré lè gbà wọ ọkàn ará Ìbàdàn, Oyin Adéjọbí ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ Òṣogbo ni, wọ́n bí i ní 1926, ó sì kú ní 2000. Lórí NTA Ìbàdàn ló ti ń ṣe Kóòtù Aṣípà lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá, nítorí náà ìjókòó ló bá a mu; ọ̀rọ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ìdájọ́ ló ń ṣe, tọkọtaya ló ń wá rojọ́ níwájú rẹ̀. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, tí a ń rí àwọn tó wá kọ ara wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń jẹ ẹran súyà, kò pẹ́ tí a fi sọ àwọn adájọ́ gidi di ẹni tí à ń fi wé Adéjọbí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọn ò lè ka gbólóhùn Bàbá Sàlá kan, wọ́n lè sọ odindi ẹjọ́ Kóòtù Aṣípà fún yín, pẹ̀lú òwe tí wọ́n fi parí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ti nípa lórí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ. Karin Barber bá ẹgbẹ́ Adéjọbí ṣeré káàkiri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ da eré mẹ́ta láti ọwọ́ ẹgbẹ́ náà sínú ìwé ní 1994, ó sì tún kọ ìwé ńlá lé wọn lórí ní 2000. Iṣẹ́ tó gún régé ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó mú un ṣeé ṣe: eré Adéjọbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣèré ló ń hun ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú agbo láìsí ìwé, tí a bá gbà á sórí téèpù, a lè dà á kọ, a sì lè kà á. Kí ni èèyàn fẹ́ dà kọ nínú Bàbá Sàlá? Ó yí ọrùn. Ó wò wá. Ó tún yí ọrùn padà. Lójú ìwé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi gbà pé ìdí nìyí tí òṣèré tí wọ́n fẹ́ràn jù nílẹ̀ Yorùbá fi ní ìwé lámèyítọ́ tó kéré sí òkìkí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onílámèyítọ́ ń wá ọ̀rọ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn kan tún kà á sí àbùkù pé kò bá ìjọba wí. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de Ògúndé nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ní 1964, wọn ò sì tú u sílẹ̀ títí di 1966 tí àwọn ológun dé. Nígbà tí ìgboro Ìbàdàn ń jó nínú rògbòdìyàn ìṣèlú Wẹ́tíẹ̀, aláwàdà ń ṣàwàdà lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Òótọ́ ni. Mi ò ní sọ pé ó ń bá wọn jà lábẹ́lẹ̀, nítorí mi ò rí àmì rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ti àwọn obìnrin inú eré rẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n ń tàn jẹ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, tàbí ọmọge tí wọ́n ń lé kiri yàrá, tàbí aláriwo tí kò jẹ́ kí ọkọ sinmi. Àwọn ìyá tó wà lórí ẹní rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ pàápàá, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n ń tún eré náà ṣe bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú adùn eré yẹn, ẹnu wọn ló ti wá, kò sí nínú àpótí.

Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀, ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní Paris, tó ti bá Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979. Ọkùnrin kan tí àwọn oníjìbìtì sọ di òtòṣì nítorí pé ó fẹ́ dolówó òjijì, tó fẹ́ para rẹ̀, tó dé ọ̀run, tí wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tí wọ́n dá a padà sáyé: ìtàn tó lágbára ni, ó sì ní ibi tó ti kan ọkàn. Síbẹ̀, lójú tèmi, sinimá sọ ọ́ di kékeré. Lójú ògiri tó tóbi tó ilé, gbogbo nǹkan ló tóbi. Igi tóbi, odò tóbi, iwájú orí ọmọ ọ̀dọ̀ lásán tóbi ju ìlẹ̀kùn lọ. Kí ni aago ọrùn fẹ́ ṣe níbẹ̀? Inú àpótí kékeré ni ohun tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ ti lè ta yọ. Balógun mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo rò, nítorí ojú Bàbá Sàlá àti ìbànújẹ́ rẹ̀ ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, ẹrù ara rẹ̀ kọ́. Òṣèré tó dára la rí. Kì í ṣe ẹni tí à ń wò ní Bẹ́yẹrúnkà.

Gbogbo ayé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù náà. Owó tó yá ló fi ṣe é. Kó tó pa owó yẹn padà, àwọn olè ti dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè náà bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ fídíò wà lára àwọn ẹrù tí èèyàn ń gbé sí pálọ̀ nígbà náà kí àlejò lè rí i, mi ò sì lè ronú kan ọ̀rọ̀ yìí kí inú mi má ru. Ohun kan wà tó jẹ́ ti onílámèyítọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ korò: kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jí yẹn ló dá Ọ̀run Móoru padà sínú àpótí kékeré. Lórí tẹlifíṣọ̀n ilé, awò náà tún tóbi, àwọn ará ojú fèrèsé sì tún dé. Fíìmù náà dùn ún wò ju bó ṣe dùn ní sinimá lọ, owó rẹ̀ ni kò sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Kò dúró sójú kan ṣá. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó ṣe Mọ́ṣebọ́látán pẹ̀lú Adé Love, nígbà tí fíìmù fídíò sì gbòde ní àwọn ọdún 1990, ó ṣe Àgbà Man. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló kú, ẹni ọdún 82.

Fíìmù ló pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ òde òní lè rí wò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn kò rí ibi ìpamọ́ tó dára. Téèpù wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ a sì máa pa ti àná rẹ́ láti gba ti òní; BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ eré tirẹ̀ rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi Ọ̀run Móoru nìkan ṣèdájọ́ Bàbá Sàlá ń fi ibi tí kò ti dáńgájíá tó wọ̀n ọ́n.

Wọ́n máa ń bi mí pé ta ni arọ́lé rẹ̀. Wọ́n á dárúkọ Bàbá Sùwé, kí Ọlọ́run forí jì í, wọ́n á dárúkọ Gbénga Adébóyè. Ẹnu ni àwọn méjèèjì fi jọba. Adébóyè lè di èèyàn mẹ́wàá lórí rédíò láìdìde lórí àga. Bàbá Sùwé lè yí ọ̀rọ̀ po títí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á fi gbàgbé ohun tó bá wá. Arọ́lé alárìnjó ni wọ́n, ṣùgbọ́n apá ibòmíràn ni wọ́n gbà. Èmi ń wo àwọn ọmọ tó ń ṣe eré kéékèèké fún fóònù. Nínú mọ́tò láti Bẹẹrẹ sí Ìwó Róòdù, ariwo kọ̀ńdọ́ àti ti ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí fóònù ń sọ, àwọn èrò mìíràn ò tiẹ̀ tan ohùn rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa wọ́n, ẹni tó wà lẹ́yìn á na ọrùn wo ti ẹni iwájú. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Sabinus, tí kì í ṣe Yorùbá rárá, ti mọ àṣírí yìí: ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan náà, táì kan náà, ìrìn kan náà, ojú tó ń wo kámẹ́rà kó tó fèsì. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé òun nìkan ni ẹ̀fẹ̀ náà máa ń dá lé. Bàbá Sàlá ní odindi ẹgbẹ́ tó ń tì í, tó ń gbá a mú, tó ń gba aago náà lọ́rùn rẹ̀, tó ń fi í pamọ́ sẹ́yìn àga, tí gbogbo wa sì mọ ibi tó wà àyàfi òun.